Tata Tí Èmi Nìkan Gbọ́

Ọ̀rẹ́ mi, òórùn kan wà tí mi ò lè gbọ́ títí di òní kí inú mi má bàjẹ́. Òórùn koríko omi ni, èyí tí wọ́n fi ń hun ẹní, tó máa ń ga dé èjìká ènìyàn. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá gé e, òórùn rẹ̀ a dà bíi ti ẹja tútù tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Ẹ̀yìn Ìyànà Ìbà, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sí ọ̀nà Ọ̀jọ́, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ariwo àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ àti ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń ta oògùn ṣì máa ń dún lẹ́yìn rẹ nígbà tí o bá ń wọ ọ̀nà ẹsẹ̀ náà. Kí o tó rìn jìnnà, ariwo yẹn á ti sá sẹ́yìn, etí rẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ni. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, wọ́n sì fẹ́ fi oṣù díẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó fẹ́ràn kòkòrò ju ènìyàn lọ. Iṣẹ́ tó gbé fún mi ni pé kí n wá àwọn tata inú koríko kiri Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkomáíkò, kí n mọ oríṣi mélòó ló wà, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ké. Kì í ṣe tata ńlá tí à ń sun jẹ ní kékeré o. Àwọn wọ̀nyí kéré, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ewé ni wọ́n, ilà rúsúrúsú kan sì gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Ìwo orí wọn gùn ju ara wọn lọ, ó rí bí òwú ìránṣọ. Abo ní nǹkan kan ní ìdí bí ọ̀bẹ, òun ló fi ń gún koríko tó bá fẹ́ yé ẹyin. Akọ ló ń ké: á gbé apá kan lé èkejì, á máa fi wọ́n ra ara wọn. Ẹsẹ̀ iwájú wọn, nísàlẹ̀ orúnkún, ni etí wọn wà. Nígbà tí olùkọ́ mi kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún mi, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ibi mẹ́sàn-án ni a yàn, mo sì gbọ́dọ̀ dé ibi kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀sán ni iṣẹ́ náà, nítorí pé bí ìrì bá ti gbẹ tí oòrùn sì mú díẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ní Ìbà Housing Estate, nínú pápá tó wà láàárín àwọn ilé, mo gbọ́ ọ̀kan tó ń ṣe tí-tí-tí, ṣííí, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí mo lọ lẹ́yìn náà tí mi ò bá a. Ó wà lẹ́bàá títì ní Òkòkomáíkò, nínú koríko tí eruku ti sọ di funfun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì; ó wà létí gọ́tà; ó tilẹ̀ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan, tó ń ké bí ẹni pé òun náà wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn. Àwọn yòókù kò rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn ò ní kúrò lórí èèsún. Òmíràn ò ní gbé níbi tí omi kò bá sí. Mo wá rí i pé koríko tí gbogbo wa ń pè ní igbó lásán ní àdúgbò nínú, ó sì ní àwọn tí ń gbé àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Ibi kẹjọ ni àbàtà ìyá ẹlẹ́ní. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn lọ́kàn mi, nítorí pé inú rẹ̀ ni mo ti bá ìyá náà. Ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an ni, mùsùlùmí ni, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gún. Ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló máa ń wọ̀ sábẹ́ ìró tó bá fẹ́ wọnú omi. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gé koríko ẹní nígbà èwe ti kú tán, tàbí kí wọ́n ti lọ bá àwọn ọmọ wọn gbé, ó wá ku òun nìkan. Nígbà tó rí mi pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí, ẹja kì í gorí koríko o."

"Tata ni mo ń wá, Màmá."

"O fẹ́ sun ún jẹ?"

"Rárá, Màmá. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ké ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ní yunifásítì ni."

Ó fi àdá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ náà nìyẹn? Ìyá mi kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́."

Kò sì parọ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fún wọn ló ń pè wọ́n. Èyí tó ń ṣe tì, tì, tì bí òòlù, alágbẹ̀dẹ ni. Èyí tó ń hó láìdánu dúró, bí epo gbígbóná tí iṣu ń dín nínú rẹ̀, onídùńdú ni. Èyí tó wà níbi gbogbo, àlejò ni ó pè é, ó ní òun kì í kà á mọ́ ọmọ ilé. Ọ̀kan sì wà tó pè ní abẹ́rẹ́, nítorí pé ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ṣe ló máa ń gún etí. Inú lọ́hùn-ún nìkan ló ń gbé, níbi tí koríko ti ki jù. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ pé ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti ń ké, ilẹ̀ abẹ́ omi ibẹ̀ kì í gbé ẹsẹ̀ mì, koríko ibẹ̀ sì ti gbó tó ẹni í hun. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá ń mú wọ àbàtà fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dúró kó gbọ́ ọ kó tó gbé ẹsẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí mi ò gbọ́ ọ mọ́," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá òun ló kú ni, tàbí etí mi."

Mo ṣàlàyé fún un pé ohùn tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ogbó kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ etí, pé ènìyàn lè máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kó má sì gbọ́ ìyẹn. Ó ronú sí i. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí n wá bá òun gbọ́ ọ.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí a wọlé lọ. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú bí ẹni mú ọmọ sọdá títì, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ níwájú, èmi ń tẹ ibi tó tẹ̀. Omi dé orúnkún wa, ó tutù nísàlẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè. Koríko yí wa ká débi pé ojú ọ̀run nìkan la ń rí. A dúró. Alágbẹ̀dẹ ń lu irin rẹ̀ lápá òsì, onídùńdú ń hó lókè. Mo tan fóònù mi kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo sì sé èémí. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́ díẹ̀, ohùn kan yọ lábẹ́ gbogbo wọn, tínrín, tínrín, bí ẹni fa okùn wáyà kan láti inú koríko dé inú orí mi. Ó dákẹ́. Ó tún fà.

"Ó ń ké, Màmá."

"Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni."

"Apá ibo?"

Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo yí i díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kọ sí ibẹ̀. "Ọ̀ọ́kán yìí, Màmá. Ó ń ké báyìí. Ó ti dákẹ́. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ó di ojú rẹ̀. Bí mo bá ti ní ó ń ké, á mi orí. Bí mo bá ní ó ti dákẹ́, á dúró. A ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Ó wá ní, "Alihamudulilahi." Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ ta àbàtà náà kí wọ́n fi yanrìn dí i, kí wọ́n kọ́lé sí i. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba wá wò ó bóyá nǹkan wà níbẹ̀ tó yẹ kí wọ́n dá sí. Òun kò lè sọ pé kí wọ́n má ta gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún yìí, ibi tí ìyá òun ti mú òun wọlé, kí wọ́n fi sílẹ̀.

"Tí o bá kọ abẹ́rẹ́ sínú ìwé yín, ṣé wọ́n á kà á?"

"Wọ́n á kà á, Màmá. Màá kọ ọ́ dáadáa."

Ó rọrùn fún mi láti sọ. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ọkàn mi sì mọ́ nígbà tí mo sọ ọ́.

Nígbà tí a ń jáde bọ̀ ni ẹsẹ̀ mi yọ̀, tí fóònù mi já bọ́ sínú omi. A rí i, ṣùgbọ́n kò tàn mọ́, gbogbo ohùn inú rẹ̀ sì bá a lọ. Mi ò sì rí kòkòrò náà mú, koríko ibẹ̀ ti ki jù fún àwọ̀n mi. Mo ròyìn fún olùkọ́ mi, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gba 'mo gbọ́' lásán. Padà lọ." Ó yọ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ gan-an nínú àpótí, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

Mi ò padà lọ.

Mo ti wá àwíjàre ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà wá, mi ò rí èyí tó ga ju ọ̀lẹ lọ. Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Eṣúṣú ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí a lọ, mi ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Ìdánwò ń bọ̀. Yàrá wa ní họ́stẹ́ẹ̀lì móoru, àwọn ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, ẹ̀rín sì pọ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń wo ẹ̀rọ olùkọ́ mi lórí tábìlì tí màá sọ pé ọ̀la ni. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí a ó kó iṣẹ́ wa sílẹ̀, ibi mẹ́jọ ti pé, ibi kẹjọ nínú mẹ́sàn-án nìkan ló ṣófo. Mo gbé bírò, mo kọ ọ́ pé mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, pé kò sí tata mìíràn níbẹ̀ ju èyí tó wà níbi gbogbo lọ. Mo hùmọ̀ ọjọ́ tí mo lọ. Mo tilẹ̀ kọ bí ooru ọjọ́ náà ti pọ̀ tó.

Olùkọ́ mi kà á, ó gbójú sókè wò mí.

"O padà lọ?"

"Mo padà lọ, sà."

"Kò sì sí?"

"Kò sí, sà."

Ó ní ó dun òun. Ó fọwọ́ sí i. Máàkì tí mo gbà dára gan-an ni.

Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún ìyá ẹlẹ́ní, nítorí pé mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́, ìyẹn sì dùn mọ́ mi. Kò mọ̀wé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn ìwé náà bí ẹni ra orí ọmọ. Ó ní, "Ṣé abẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀?" Mo ní, "Orúkọ yín wà nínú ẹ̀, Màmá." Ó fi gèlè rẹ̀ wé ìwé náà, kò sì béèrè mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí nígbà tí ọjọ́ ìpàdé ẹbí lórí títa àbàtà náà pé. Mi ò rí ọ̀nà tí mo fi lè kọ̀. Àárọ̀ ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹbí wọn ní Ọ̀jọ́. Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin tó wá láti ọ́fíìsì ìjọba jókòó sórí àga oníke, ó gbé fáìlì lé orí itan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá, tíṣà kan láti Ìjànikín, ni akọ̀wé ẹbí. Ọkùnrin ọ́fíìsì náà béèrè bóyá ẹnì kan mọ ohunkóhun nínú àbàtà náà tó yẹ kí wọ́n dá sí. Ọ̀rọ̀ tútù ló fi béèrè, mo sì gbàgbọ́ pé ó fẹ́ gbọ́ ni. Ìyá dìde. Ó tú gèlè tó fi wé ìwé mi.

"Gbogbo yín mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Ọmọ yunifásítì ló kọ èyí, ọmọ tó jókòó yìí. A jọ wọ inú omi ni. Ẹ kà á."

Tíṣà náà gbà á. Mo rí i bó ṣe ń ṣí i, tó ń wá ibẹ̀, tó fi ìka tọ ìlà náà. Ọkùnrin tó lẹ́mìí ire ni. Ó kọ́kọ́ kà á sínú, ó wo ìyá, ó wò mí, kò fẹ́ kà á síta. Àwọn àgbà ní kó kà á. Ó wá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìlà kan ṣoṣo: wọ́n dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò rí ohun kan tí kò sí níbòmíràn.

"Kò kà á re," ni ìyá wí. Ó yíjú sí mi. Kò tíì bínú, ṣe ló ń dúró kí n tún un ṣe. "Ọmọ mi, sọ fún wọn. Ìwọ lo gbọ́ ọ."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ìwé ẹ̀rí mi, tí wọn ò tíì fún mi, àti olùkọ́ mi, àti ìyá tèmi nílé tó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti jáde. Mo ní, "Màmá, bóyá... bóyá nǹkan mìíràn ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà."

Àgbà kan rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò ní ibi nínú, bí ìgbà tí ọmọdé bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọkùnrin ọ́fíìsì pa fáìlì rẹ̀ dé. Ìyá dúró síbẹ̀. Ó kọjú sí mi bó ṣe kọjú sí koríko lọ́jọ́ yẹn, tó ń wá ohun tí kò lè gbọ́. Ó wá gba ìwé náà padà lọ́wọ́ tíṣà, ó ní, "Ó dáa," ó jókòó.

Kí òjò ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ni àwọn típà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tí mo fi ráyè dé ibẹ̀, iyanrìn ti bo gbogbo rẹ̀, ó funfun, ó le, ó ń ta ojú. Koríko díẹ̀ ti ń hù létí rẹ̀. Àlejò ti dé sínú rẹ̀, ó ń ké tí-tí-tí, ṣííí. Mo ti sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé wọn ì bá tà á náà ni, pé ta ni yóò tìtorí kòkòrò fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àbàtà nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Mo lọ sílé rẹ̀ láti jẹ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀, òjò, eṣúṣú, bírò, irọ́ tí mo pa ní ìpàdé. Mo ní, "Màmá, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dájú. Ó ń ké."

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Ẹ dìde," ló wí. "Ẹ má kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì."

Mo rò pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn mi ni. Obìnrin tó ti ń pè mí ní ọmọ rẹ̀, tó di ọwọ́ mi mú nínú omi, ló ń pè mí ní 'ẹ' bí ẹni ń pe àlejò láti ọ́fíìsì. Ó gbé àga fún mi. Ó bu omi fún mi.

"Lọ́jọ́ kan ẹ ní ó ń ké," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè. "Lọ́jọ́ kejì ẹ ní kò ké. Lónìí ẹ ní ó ké. Èmi ò ní etí tí mo lè fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Kò lé mi. Ó béèrè àlàáfíà àwọn òbí mi, ó sì sìn mí dé ẹnu géètì. Ọdún kejì ni wọ́n sọ fún mi pé ó ti kú, pé wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ tó kú gan-an, kí n tó gbọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀dá alààyè. Mo lọ bá olùkọ́ mi nígbà tó yá, mo jẹ́wọ́ fún òun náà. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ti lo ìwé mi láti ìgbà náà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú tiwọn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí mo wá mọ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Irọ́ tí a pa nípa ènìyàn, ó lè pẹ́, ènìyàn náà lè dìde lọ́jọ́ kan kó já a. Tata kan nínú koríko kò ní ẹnu tí yóò fi já tèmi, àbàtà náà kò sì sí mọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò fi lọ gbọ́. Ẹni kan ṣoṣo, ìyá ẹlẹ́ní, ló ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ìwé lọ, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.